Yanrìn Tí Ìrẹsì Ń Jẹ

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni mo mú wá. Kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn yanrìn ni, àti ìtàn ìrẹsì, àti bí àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Jàpáànù ṣe fi nǹkan bí ogójì ọdún wá ìdí ọ̀ràn kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ mìíràn ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ta ni nínú yín tí ó ti gba àárín oko ìrẹsì kọjá rí láìwọ ẹ̀wù alápá gígùn? Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ óò rántí bí ewé rẹ̀ ti máa ń ha ènìyàn lára. Ẹ mú ewé kan, kí ẹ fi ìka fà á láti orí wá sí ìdí. Ẹ óò rí i pé ara rẹ̀ rí ṣákiṣàki, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ kan ewé ìpín tí àwọn ìyá wa fi ń fọ ìkòkò. Kí ni ó mú ewé ìrẹsì rí bẹ́ẹ̀? Yanrìn ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì, kí ó bu èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí ó sun ún. Bí a bá sun 100 gíráàmù èèpo ìrẹsì, eérú tí yóò kù yóò tó nǹkan bí 20 gíráàmù. Eérú náà pọ̀ jọjọ ju èyí tí igi ìdáná wa máa ń fi sílẹ̀ lọ. Bí a bá sì wọn 100 gíráàmù eérú náà, ohun tí ó lé ní 90 gíráàmù nínú rẹ̀ jẹ́ ohun kan náà tí ó wà nínú yanrìn odò, ohun kan náà tí a ń yọ́ nínú iná láti fi ṣe gíláàsì fèrèsé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni sílíkọ́nì. Bí a bá yọ ọ́síjìn kúrò, kò sí ìpìlẹ̀ mìíràn tí ó pọ̀ tó sílíkọ́nì nínú òkúta àti erùpẹ̀ ayé yìí.

Ìrẹsì kò ní eyín. Báwo ni ó ṣe wá ń jẹ yanrìn? Omi ni ó ń bá a gbé e. Díẹ̀ nínú sílíkọ́nì inú ilẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, bí ẹ kò tilẹ̀ lè fi ojú rí i. Gbòǹgbò ìrẹsì a fa omi náà, omi a gun igi rẹ̀ dé ewé, oòrùn a sì fa omi náà jáde lọ sínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn kò lè fa yanrìn. Bí ẹ bá gbé omi iyọ̀ ka iná títí tí omi fi gbẹ, ṣé iyọ̀ kọ́ ni yóò kù nídìí ìkòkò? Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yanrìn ṣe ń kù sábẹ́ awọ ewé ìrẹsì, tí ó ń le, tí ó sì ń di ìpele kan bí ògiri tí a rẹ́. Gbogbo ewéko ni ó ń ṣe èyí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì ta yọ. Nínú pòròpórò ìrẹsì gbígbẹ tí ó wọn 100 kílógíráàmù, yanrìn lè tó 10 kílógíráàmù.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti mọ̀ pé yanrìn wà nínú ewéko. Ní ọdún 1804, Nicolas-Théodore de Saussure, ọmọ ìlú Geneva, tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tí ewéko fi ń dàgbà. Ó sun oríṣiríṣi ewéko, ó yẹ eérú wọn wò, ó sì bá yanrìn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1813, Humphry Davy ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé pé yanrìn tí ó wà lára awọ àwọn koríko bí ọkà ń mú kí wọ́n lè dúró ṣinṣin, ó sì ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Davy yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà wá bá a.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1862, Julius Sachs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ̀ nípa ewéko jù lọ nígbà ayé rẹ̀, gbin àgbàdo sínú omi tí ó po oúnjẹ ewéko sí, ṣùgbọ́n tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí yanrìn yíyọ́ kankan nínú rẹ̀. Àgbàdo náà hù, ó sì dàgbà. Sachs wá sọ pé ewéko kò nílò sílíkọ́nì kí ó tó lè wà láàyè. Láti ìgbà náà ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ ti ń ka náítrójìn, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mọ́ oúnjẹ ewéko, tí wọ́n sì ń yọ sílíkọ́nì sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe rò pé Sachs purọ́ o. Òótọ́ ni ó rí, òótọ́ náà ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: bí ènìyàn bá sùn síta lóru ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀, tí olè kò wá, tí ẹfọn kò jẹ ẹ́, ilẹ̀ yóò mọ́ bá a láàyè. Ǹjẹ́ a lè torí ìyẹn sọ pé ènìyàn kò nílò ilé? Inú ilé ni àgbàdo Sachs wà, nínú ìkòkò omi, níbi tí ìjì kò ti jà, tí àrùn kò ti wá. Inú oko ni ìrẹsì àgbẹ̀ ń gbé. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń wà láàyè, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a fi ń la ewu já. Ibi tí àwọn ará Jàpáànù ti wọ inú ìtàn yìí nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Jàpáànù, ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ lásán. Ní ayé àtijọ́, ìrẹsì ni wọ́n fi ń san owó orí, òun náà sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọlá àwọn ìjòyè. Òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní koku, tí ó tó ìrẹsì 150 kílógíráàmù, ni wọ́n kà sí oúnjẹ ẹnì kan fún ọdún kan. Nígbà tí owó ìrẹsì gbówó lérí ní ọdún 1918, àwọn obìnrin abúlé apẹja ní agbègbè Toyama ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ kó ìrẹsì kúrò ní èbúté àwọn lọ sí ibòmíràn nígbà tí ebi ń pa ọmọ àwọn. Rògbòdìyàn náà ràn dé àwọn ìlú ńlá, ó sì di dandan fún olórí ìjọba, Terauchi, láti fi ipò sílẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Kì í ṣe àrùn oko ni ó fa ìyẹn. Ọ̀ràn owó ọjà àti àwọn tí ń kó ìrẹsì pamọ́ ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ìrẹsì jẹ́ fún wọn, kí ẹ sì lè mọ ìdí tí ohunkóhun tí ó bá ń ba ìrẹsì jẹ́ lóko fi ń kó ìpayà bá gbogbo ìlú.

Ohun kan sì wà tí ń bà á jẹ́. Imochi ni wọ́n ń pe àrùn náà. Ohun tí ó fà á jẹ́ ìbátan olú àti ohun funfun tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Hóró rẹ̀ kéré ju ekuru lọ, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e kiri. Bí ó bá bà lé ewé ìrẹsì tí ó tutù, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi agbára gún awọ ewé náà títí yóò fi lu. Ewé a ní àpá tí ẹnu rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì, tí àárín rẹ̀ sì dà bí eérú. Bí ó bá mú ọrùn ṣírí ìrẹsì, ṣírí náà a funfun lórí ìdúró láìní ọmọ nínú. Ìgbà òtútù àti òjò wínniwínni ni ó máa ń jà jù. Èyí tí ó tún burú jù ni pé, bí àgbẹ̀ bá ti ń bu ajílẹ̀ náítrójìn sí ìrẹsì kí ó lè so dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ewé rẹ̀ ń rọ̀ sí i, tí àrùn náà sì ń rí i mú. Ohun tí àgbẹ̀ fi ń wá èrè ni ó tún ń fa àdánù.

Ní ọdún 1917, ọdún kan ṣáájú rògbòdìyàn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, onímọ̀ kẹ́místrì kan tí ń jẹ́ Onodera ṣe ohun kan tí ó dà bí ohun kékeré. Ó kó ewé ìrẹsì tí imochi mú, ó kó èyí tí ara rẹ̀ le, ó sì yẹ ohun tí ó wà nínú wọn wò. Ó rí i pé yanrìn inú ewé tí ó ń ṣàìsàn kéré sí ti ewé tí ara rẹ̀ dá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí ná. Ǹjẹ́ ohun tí Onodera rí ti tó láti sọ pé àìsí yanrìn ni ó fa àrùn? Rárá o. Ó lè jẹ́ pé àrùn náà ni kò jẹ́ kí ìrẹsì lè fa yanrìn mọ́. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tí ó rù tí ó sì ń ṣàìsàn, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá rírù ni ó fa àìsàn, tàbí àìsàn ni ó mú un rù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ gbọ́dọ̀ tún ìbéèrè náà bi lọ́nà mìíràn. Ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Ní ọdún 1922, Miyake àti Adachi fi irú ìrẹsì tí àrùn kì í tètè mú wé irú èyí tí àrùn máa ń mú. Èyí tí ó le ni yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ní ọdún 1927, Kawashima gba ọ̀nà tí ó ṣe tààrà jù lọ: ó fún ìrẹsì ní sílíkọ́nì, ó sì rí i pé àrùn náà kò rí i mú bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ wá ń yé ènìyàn. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Yanrìn ni ó ń dí ẹnu ògiri náà.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ ọ̀tọ̀, ṣíṣe ọ̀tọ̀. Níbo ni àgbẹ̀ yóò ti rí sílíkọ́nì tí yóò tó oko rẹ̀? Yanrìn odò kò wúlò fún un, nítorí yanrìn líle kì í fẹ́ yọ́ sínú omi. Bí a bá dà á sóko, bí a ti dà á náà ni yóò wà. Ohun tí a ń fẹ́ ni yanrìn tí ó lè yọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí ó parí ní ọdún 1945, ebi ńlá wà ní Jàpáànù, ìjọba ń wọn oúnjẹ fún àwọn ará ìlú, wọ́n sì ń wá ọ̀nà gbogbo tí ilẹ̀ tí ó ti gbó yóò fi so. Ibi tí ojútùú ti wá yà wọ́n lẹ́nu: ilé iṣẹ́ irin ni.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ mọ ìdàrọ́. Ìdàrọ́ ni pàǹtí tí ń ṣàn jáde nígbà tí a bá ń yọ́ òkúta irin nínú iná ìléru. Àwọn tí ń yọ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ máa ń kó o dànù sí ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ wọn ni. Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń da òkúta ẹfun mọ́ òkúta irin nínú ìléru. Yanrìn inú òkúta irin yóò so pọ̀ mọ́ ẹfun, àwọn méjèèjì yóò léfòó lórí irin, a ó sì tú wọn dànù. Ẹfun àti yanrìn tí ó ti so pọ̀ báyìí, bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná, ó lè yọ́ sínú omi oko díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1955, ìjọba Jàpáànù fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pé ìdàrọ́ tí a lọ̀ jẹ́ ajílẹ̀ sílíkọ́nì. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé. Tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ sí méjì ni wọ́n máa ń dà sórí hẹ́kítà kan. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín 1917 àti 1955. Ọdún méjìdínlógójì ni.

Kí ni àwọn àgbẹ̀ rí nínú rẹ̀? Ìrẹsì tí ó jẹ yanrìn yó máa ń na ewé rẹ̀ sókè ṣánṣán, kì í tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bo ẹnìkejì rẹ̀, oòrùn a sì dé ara ewé tí ó wà nísàlẹ̀. Igi rẹ̀ a le, ìjì kì í sì tètè wó o lulẹ̀ nígbà tí ṣírí rẹ̀ bá wúwo. Ewé rẹ̀ kì í tètè pàdánù omi. Imochi kì í tètè gún un lu. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Davy ní ọdún 1813: kí ewéko lè dúró, kí ó sì ní ààbò. Òtítọ́ tí wọ́n ti sọ kí Sachs tó gbin àgbàdo rẹ̀ ni ó tún padà wá sójútáyé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì dẹ́kun. Ní ọdún 2006, Jian Feng Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Okayama, ní Jàpáànù, fi hàn pé gbòǹgbò ìrẹsì ní ẹnu ọ̀nà pàtó kan tí sílíkọ́nì ń gbà wọlé, wọ́n sì rí ohun àjogúnbá tí ń kọ́ ẹnu ọ̀nà náà. Ìrẹsì tí ó bá pàdánù rẹ̀ kì í lè fa yanrìn tó, ìkórè rẹ̀ lóko a sì dín kù gidigidi. A tún ti mọ̀ pé sílíkọ́nì kì í ṣe ògiri nìkan. Ó tún ń jí ìrẹsì láti tètè gbógun ti àrùn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ó jẹ́ oògùn tí ó borí ohun gbogbo. Ní ọdún 1993, òtútù mú ní Jàpáànù nígbà tí ó yẹ kí oòrùn máa ràn, imochi sì jà. Ìkórè ìrẹsì gbogbo orílẹ̀-èdè náà fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan dín sí ti ọdún tí ó dára, àwọn ènìyàn tí ó ti ń fi ìrẹsì ilé ara wọn yangàn sì ní láti ra èyí tí ó lé ní 2,000,000 tọ́ọ̀nù láti ilẹ̀ òkèèrè. Ògiri dára, ṣùgbọ́n ó ní ìjì tí ń wó ògiri.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún wa níhìn-ín? Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Níbi tí òjò líle bá ti ń rọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, òjò náà a máa ṣan yanrìn tí ó lè yọ́ kúrò nínú ilẹ̀, èyí tí kì í yọ́ ni yóò kù. Oko lè kún fún yanrìn, kí ebi yanrìn sì máa pa ìrẹsì orí rẹ̀, bí ẹni tí ó ń gbé létí òkun tí kò rí omi mu. Ní ọdún 1989, Yamauchi àti Winslow tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe lórí ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ ní apá ibi tí òjò ti pọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé sílíkọ́nì àti mágníṣíọ̀mù mú kí ìrẹsì náà so sí i. Ní ọdún 1992, Winslow, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ńlá tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, fi hàn pé irú ìrẹsì kan máa ń kó sílíkọ́nì jọ ju irú mìíràn lọ, pàápàá àwọn irú tí ó ti mọ́ lára láti máa hù lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànù ti dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ wá ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú mi. Bí a bá kórè ìrẹsì tọ́ọ̀nù márùn-ún lórí hẹ́kítà kan, sílíkọ́nì tí ó bá a kúrò lórí ilẹ̀ náà á tó 230 sí 470 kílógíráàmù. Kì í ṣe inú hóró funfun tí à ń sè ni púpọ̀ rẹ̀ wà, bí kò ṣe inú pòròpórò àti inú èèpo. Àwọn nǹkan méjèèjì tí a kò lè jẹ náà ni à ń sun, tí à ń dà sẹ́bàá odò, tí à ń fi sílẹ̀ jọ gegele lẹ́yìn ibi tí a ti ń pa ìrẹsì. Àgbẹ̀ Ìgbẹ́mọ tàbí ti Ọ̀fàdà tí ó bá dá pòròpórò rẹ̀ padà sóko kí ó jẹrà níbẹ̀, ìdí tí ó fi ṣe é ni pé gbèsè ilẹ̀ ni ó ń san.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ebi sílíkọ́nì ń pa. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó. Kì í ṣe gbogbo ìdàrọ́ ni ó mọ́. Òmíràn ní májèlé irin nínú. Èèpo ìrẹsì tí a bá fi iná tí ó gbóná jù sun yóò le padà bíi yanrìn odò, kò ní yọ́ mọ́, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí nìyí. Ohun tí àwọn ará Jàpáànù fi ṣe ajílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Yanrìn ni, àti pàǹtí irin. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò mú ewé tí ó ń ṣàìsàn àti ewé tí ara rẹ̀ dá, tí yóò gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí yóò sì bèèrè pé: kí ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹ̀yin méjèèjì? Bí ẹ bá dé oko bàbá yín ní ọjọ́ àbámẹ́ta, tí ẹ rí ebè kan tí ó so, tí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì so, ẹ má ṣe kọjá lọ. Ẹ bèèrè.

Ó dìgbà kan ná o.